Ẹ Gbẹ́ Kànga Kan: Ìmọ̀ràn Mẹ́fà fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Kọ Kóòdù

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ kóòdù ní àdúgbò Kabusa níbí, láràárọ̀ ni àwọn mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, ń ti ọmọlanke gba iwájú ilé wa, kẹ́ẹ̀gì omi tò sórí rẹ̀. Ilé kan tán, ó ku òmíràn. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ọ̀nà kan náà ni wọn yóò tún tọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n ilé tó ti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, tó sì fa páìpù wọlé, ẹ̀rọ ni wọ́n kàn ń ṣí níbẹ̀. Bí mo bá wo kóòdù tí ẹ ń gbé wá kí n bá yín yẹ̀ wò, ọmọlanke ni mo ń rí.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń tún kọ. Kí ojú ewé kan tó lè fi orúkọ oníbàárà hàn, ẹ ó ṣílẹ̀kùn dátábéèsì, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà hàn, ẹ ó béèrè, ẹ ó kó èsì, ẹ ó wò ó bóyá àṣìṣe wà, ẹ ó sì tilẹ̀kùn. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìbéèrè nìkan ló ń yàtọ̀. Ẹ kó márùn-ún yòókù sínú function kan ṣoṣo, kí ẹ máa pè é. Ibẹ̀ ni library, kànga tí mo ń sọ, ti ń bẹ̀rẹ̀.

2. Ohun kan, ibùgbé kan. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, mo kọ ètò fún ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní kí n yí bí a ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà fóònù padà. Mo tún un ṣe nínú fáìlì kan tẹ̀ lé òmíràn di òru. Ọ̀kan bọ́ lójú mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà àtijọ́, tí àwọn aláìsàn kò gbọ́ ìgbà tí dókítà fẹ́ rí wọn. Títí dòní ló ń dùn mí. Andrew Hunt àti David Thomas ti kọ ọ́ sínú The Pragmatic Programmer ní 1999 pé ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ètò gbọ́dọ̀ ní ojúkò kan ṣoṣo. Ká ní mo tẹ̀ lé e ni, ojú kan ni ǹ bá tún ṣe.

3. Ẹ má kánjú dà á pọ̀. Ìbejì jọra, wọn kì í ṣe ẹnì kan. Bí ẹ bá kọ kóòdù kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbé e lọ sínú library. Ẹni tó pa méjì pọ̀ torí pé wọ́n jọra lónìí yóò fi omijé yà wọ́n lọ́la.

4. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ tiyín. Fún iṣẹ́ dátábéèsì, Java ní Hibernate láti 2001. Python ní SQLAlchemy láti 2006, Django náà sì ní tirẹ̀. PHP ní PDO, Laravel sì ní Eloquent. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti dán wọn wò fún yín. Kí library tiyín jẹ́ ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ yín nìkan nílò, kó jókòó lé wọn lórí.

5. Ẹ dé ẹnu kànga. Ohun tí àlejò tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ SQL yín, èdè tí ẹ fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì. Ibẹ̀ ni olè ti ń fi àṣẹ tirẹ̀ pamọ́ sínú ìbéèrè yín. Kí ìbéèrè dá wà, kí ohun tó wọlé náà dá wà: iṣẹ́ prepared statement nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa nínú library, gbogbo ojú ewé bọ́ nínú ewu. Bí kò bá dára, gbogbo wọn ló kó sí i. Torí náà, ẹ dán ibẹ̀ wò ju ibikíbi lọ. Nàìjíríà ti ṣòfin lórí ààbò ìwífún aráàlú ní 2023, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni ohun tí ènìyàn fi síkàáwọ́ yín ti jẹ́ ohun ìfọkàntán.

6. Ẹ mọ omi tó wà nínú páìpù. Láti ìgbà tí Edgar Codd ti IBM ti kọ ìpìlẹ̀ dátábéèsì alátẹ ní 1970 ni ìmọ̀ náà ti wà lábẹ́ iṣẹ́ wa. Ẹ kọ́ SQL fúnra rẹ̀. Library lè rán ọmọ lọ sọ́jà ní ìgbà 101 láìsọ fún yín: ẹ̀ẹ̀kan láti mú orúkọ oníbàárà 100 wá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún gbèsè oníkálukú, nígbà tí ìrìn kan tó. Ẹ tan log sílẹ̀, kí ẹ ka iye ìrìn náà.

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí iṣẹ́ yín, kí ẹ ka iye ibi tí ẹ ti ń ṣílẹ̀kùn dátábéèsì. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó gbẹ́ lọ́la. Ẹ kò ní ṣe àṣetì, ẹ kò sì ní ṣe àṣetúnṣe.