Nígbà tí kóòdù C2 bá rán ọmọṣẹ́ níṣẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra project, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí Java sì ń bọ́ yín, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìbéèrè kan wò. Bí ẹ bá kọ `new Akekoo()` sínú loop tó ń yí ní mílíọ̀nù ìgbà, ta ló ń wá àyè fún object yẹn nínú mẹ́mọ́rì? Ọ̀pọ̀ wa yóò dáhùn pé JVM ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú JVM yẹn, iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan yá, ọ̀kan falẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí kóòdù rẹ̀ gbà lè kọ nọ́ńbà tí kò lè gbèjà rẹ̀ sínú Chapter Four.

HotSpot ni JVM tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Sun Microsystems gbé e jáde ní 1999, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2006. Compiler méjì ló wà nínú rẹ̀. C1 máa ń tètè parí iṣẹ́ tirẹ̀. C2 ní tirẹ̀ máa ń dúró kí method gbóná dáadáa, kí ó tó fara balẹ̀ sọ ọ́ di kóòdù tó já fáfá. C2 yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Ẹ wo télọ̀ kan ní Ajílòsùn. Òwú wà lórí maṣíìnì rẹ̀, bó ṣe ń ránṣọ ló ń fà á, kò dìde lórí àga. Ìgbà tí òwú bá tán ló tó rán ọmọṣẹ́ lọ sí Ọjà Ọba. Bí kóòdù tí C2 ń kọ fún `new` ṣe rí nìyẹn. Thread kọ̀ọ̀kan ní abala mẹ́mọ́rì tirẹ̀ tí à ń pè ní TLAB. Kóòdù náà á wo ibi tí àyè òfìfo ti bẹ̀rẹ̀, á fi ìwọ̀n object kún un, á wò ó bóyá ó ti kọjá òpin. Bí kò bá kọjá, á sún àmì síwájú, ó parí. Instruction díẹ̀ ni, kò sì sí lock kankan níbẹ̀.

Bí àyè bá tán ńkọ́? C2 kì í kọ ìyókù iṣẹ́ náà sínú method yín, nítorí yóò mú kí kóòdù náà wú lásán fún ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó máa ń pe ọmọṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `OptoRuntime::new_instance_C`, tí wọ́n fi C++ kọ, tó wà nínú fáìlì `opto/runtime.cpp`. Òun ló lè gba TLAB tuntun, òun ló lè mú kí garbage collector ṣiṣẹ́, òun náà ló sì lè padà wá pẹ̀lú OutOfMemoryError. Irú rẹ̀ mìíràn wà fún array, fún lock tí thread méjì ń jà sí, àti fún exception.

Ohun tí mo gbádùn jù nínú fáìlì yẹn ni ìmúrasílẹ̀ kí ọmọṣẹ́ tó jáde. Garbage collector lè kó object láti ibì kan sí ibòmíràn nígbà tí ọmọṣẹ́ bá wà lọ́jà. Nítorí náà, stub tó wà láàárín kóòdù yín àti C++ gbọ́dọ̀ kọ ibi tí stack dé sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ oop map á sì fi hàn ibi tí àdírẹ́sì object wà nínú stack náà, kí collector lè tún wọn ṣe. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé `new_instance_C` kì í dá object tuntun padà tààrà, void ni. Ó máa ń fi í pamọ́ sínú thread, stub á sì mú un níbẹ̀. Ìdí ni pé ní ẹnu ọ̀nà àbọ̀, thread lè dúró ní safepoint, kí collector sì tún kó object náà kúrò. Àdírẹ́sì tó wà nínú register lásán yóò ti di irọ́. Èyí tó wà nínú thread, collector mọ̀ ọ́n, yóò sì tún un ṣe.

Ọmọṣẹ́ kan ṣì wà tó le ju èyí lọ. C2 máa ń méfò. Ká ní method yín ń ṣírò máàkì, tó sì jẹ́ pé gbogbo object tó ti kọjá níbẹ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ UTME. C2 á kọ kóòdù fún UTME nìkan, á fi àyẹ̀wò kékeré kan ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí Direct Entry àkọ́kọ́ bá dé, àyẹ̀wò á kùnà, kóòdù á pe uncommon trap. Ọmọṣẹ́ yìí á tú frame C2 palẹ̀, á to frame interpreter sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo variable bó ṣe wà, iṣẹ́ á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí C2 yóò fi tún method náà kọ fún irú méjèèjì. Àwọn tó ṣe èdè Self, Urs Hölzle, Craig Chambers àti David Ungar, ti ṣàlàyé irú ìtúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1992, kí Java tó dé.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ fi `-XX:+PrintCompilation` sí iwájú prógíráàmù yín. Nọ́ńbà 4 tó ṣáájú orúkọ method, C2 nìyẹn. Bí ẹ bá rí «made not entrant» lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3, ẹ má bẹ̀rù, ó sábà máa ń jẹ́ pé C2 ló ti gba ipò C1. Bó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 ni, tó sì bọ́ sí àárín ìgbà tí ẹ ń ka aago, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ìméfò kan ló kùnà. Ẹ má fi àkókò yẹn wé ti algorithm mìíràn. Ẹ kó irú dátà gbogbo wọlé nígbà ìmúgbóná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. JMH tí àwọn OpenJDK ṣe máa ń bá ènìyàn ṣètò ìmúgbóná yìí, ṣùgbọ́n dátà tí ẹ kó fún un ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí project yín jẹ́ ti Android, HotSpot kọ́ ló wà lórí fóònù yín. ART ni, láti Android 5.0 ní 2014. Àwọn ọmọṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú folder `runtime/entrypoints/quick`, thread kọ̀ọ̀kan sì ń gbé àdírẹ́sì wọn kiri.