Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Aṣàlàyé – Mímúra Sílẹ̀ De Ọmọ Ajá àti Kíkọ́ Ọ Láti Gbé Inú Àgò

Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí olùyẹ̀wò ń wá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ni a ń sọ, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. A ń sọ bí a ti ń ṣe nǹkan, ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ bí a kò bá ṣe é dáadáa. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ọ̀rọ̀ náà 'ọmọ ajá' nínú ìbéèrè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn ajá tí bàbá rẹ̀ sìn nígbà kan rí. Àròkọ oníròyìn ni ìyẹn. Bí ó ti wù kí ó dùn tó, kò dáhùn ìbéèrè.

ÌBÉÈRÈ

Ẹbí kan tí ó ń gbé ilé ayálégbé ní Sangisa, ní Kétu, ìlú Èkó, fẹ́ gba ọmọ ajá. Kọ àròkọ láti ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe múra sílẹ̀ dè é, àti bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ láti máa gbé inú àgò.

KÍ O TÓ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KỌ Ọ́

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Fa ìlà sí abẹ́ 'ilé ayálégbé', 'múra sílẹ̀' àti 'kọ́ ọ'. Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ àròkọ rẹ̀ bí ẹni pé ọgbà ńlá ni ẹbí náà ní yóò pàdánù máàkì. Méjì yòókù ni apá méjì tí àròkọ náà gbọ́dọ̀ ní. Lẹ́yìn èyí, ṣe ìlapa èrò rẹ báyìí:

1. Ìfáárà: ìdí tí ìmúrasílẹ̀ fi ṣe pàtàkì.
2. Àdéhùn pẹ̀lú onílé àti àwọn alájọgbé.
3. Ọjọ́ orí ọmọ ajá àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.
4. Oúnjẹ.
5. Àgò: bí yóò ṣe tóbi tó àti ibi tí a ó gbé e sí.
6. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ajá láti gbé inú àgò.
7. Ohun tí kò yẹ kí a fi àgò ṣe.
8. Ìkádìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ó pẹ́ tí ajá ti jẹ́ ẹran ilé láàrin àwa Yorùbá. Ọ̀rẹ́ ọdẹ ni nínú igbó, òun náà sì ni àwọn olórìṣà fi ń bọ Ògún. Ní ìlú Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sin ajá nítorí olè. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí a kò múra sílẹ̀ dè kì í pẹ́ di ìjọ̀gbọ̀n. Òun ni yóò máa ké lóru, tí yóò máa tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí yóò sì bu ọmọ aládùúgbò jẹ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ajá tó wọlé.

Àwọn ènìyàn inú ilé ni a ó kọ́kọ́ rò. Nínú ilé ayálégbé, ojúlé púpọ̀ ni ó ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé àti ibi ìpọnmi kan náà. Nítorí náà, kí olórí ẹbí lọ bá bàbá onílé, kí ó tọrọ àyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ọmọ ajá kan ni a fẹ́ gbà, a sì ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ ó wí.' Lẹ́yìn náà, kí ó bá àwọn alájọgbé sọ̀rọ̀. Ọmọ kan lè máa bẹ̀rù ajá. Alájọgbé tí ó jẹ́ Mùsùlùmí lè má fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí ó fi ń kírun. Kí wọ́n fi ẹnu kò sí ibi tí ajá yóò ti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tí yóò máa kó o, àti ibi tí ajá kò gbọ́dọ̀ dé. Àdéhùn tí a ṣe ṣáájú kì í jẹ́ kí ìjà dé lẹ́yìn.

Èkejì ni ọjọ́ orí àti ìlera. Kò yẹ kí a gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a kì í ti í fi eyín le ju bí ó ti yẹ lọ. Kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn Parvo, èyí tí ó máa ń fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì pa ọmọ ajá, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. A ó máa tún un gbà títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Kí àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí tó parí, kí ọmọ ajá má ṣe rìn káàkiri etí gọ́tà, kí ó má sì bá ajá ìgboro ṣeré.

Abẹ́rẹ́ tí ó kan ènìyàn gan-an ni ti àrùn dìgbòlugi. Ọmọ ajá lè gbà á láti oṣù 3, dókítà ni yóò sì sọ ìgbà tí a ó tún un gbà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59,000) ènìyàn ni a gbà pé àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀: ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ará Faransé, kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdé kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ là. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe dúró wò ó bóyá yóò san.

Ní ti oúnjẹ, ọmọ ajá olóṣù méjì yẹ kí ó jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ní àkókò kan náà. Ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹran dára, omi mímọ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n ọn. Má ṣe rò pé ohun tí ènìyàn ń jẹ ni ajá lè jẹ. Àlùbọ́sà, tí ó kún ọjà Máìlì Méjìlá tí kò jìnnà sí Sangisa, májèlé ni fún ajá, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n má da ọbẹ̀ alálùbọ́sà lé oúnjẹ rẹ̀. Ṣokoléètì náà kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni egungun adìẹ sísè lè fọ́ ṣúnṣùn, kí ó sì gún un nínú.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan àgò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kéèjì. Àgò kì í ṣe ohun tuntun: a ti ń fi í dé adìẹ tipẹ́. Èyí tí a ń wí yìí lè jẹ́ ti irin tàbí ti pákó tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí dáadáa. Kí ó tóbi tó kí ajá lè dìde nínú rẹ̀, kí ó lè yí padà, kí ó sì lè na ara rẹ̀ sùn. Bí ó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ajá yóò tọ̀ sí igun kan, yóò sì sùn sí igun kejì. Bí ó bá sì ṣe ìwọ̀n, ajá kì í fẹ́ ba ibùsùn ara rẹ̀ jẹ́, èyí ni yóò sì kọ́ ọ láti mú ìtọ̀ mọ́ra. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ó tutù nínú yàrá. Kí ó má ṣe wà nínú oòrùn tàbí lábẹ́ páànù gbígbóná, nítorí míminu láti ẹnu ni ajá fi ń mú ara rẹ̀ tutù, ooru lè pa á.

Díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́ ọmọ ajá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgò sílẹ̀, kí wọ́n ju ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ajá fúnra rẹ̀ máa wọlé, kí ó sì máa jáde. Lẹ́yìn èyí, inú àgò ni kí wọ́n máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Bí ó bá ti ń wọlé láìfòyà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹnì kan jókòó tì í. Kí wọ́n máa fi kún àkókò náà lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò, bí i 'Wọlé!' Bí bàbá bá ń sọ ọ̀tọ̀, tí ọmọ sì ń sọ ọ̀tọ̀, ọkàn ajá yóò dàrú. Kí wọ́n bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó má ba à fi há ara rẹ̀.

Gbàrà tí ọmọ ajá bá jí, lẹ́yìn tí ó bá jẹun, lẹ́yìn eré, àti kí ó tó sùn, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi kan náà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá tọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ajá olóṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí lóru. Bí ó bá ṣèèṣì tọ̀ sílé, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Lílù ú tàbí fífi imú rẹ̀ ra ìtọ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ẹ̀rù lọ. Ní àwọn òru àkọ́kọ́, kí àgò wà nítòsí ibùsùn ẹnì kan, nítorí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyá sílẹ̀ yóò sunkún. Èyí yóò jẹ́ kí àwọn alájọgbé náà lè sùn.

Ó yẹ kí a kìlọ̀ níbi yìí. Àwọn kan ń ti ajá mọ́ inú àgò láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí kí ó lè rorò. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìyà ni. Ajá tí kò rí ènìyàn kì í mọ àlejò yàtọ̀ sí olè. Gbogbo ènìyàn ni yóò máa gbé eyín sí. Ibi ìsinmi ni àgò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. A kò gbọ́dọ̀ fi í jẹ ajá níyà, kí àwọn ọmọdé má sì yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Ní ìparí, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹbí tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe sùúrù yóò ní ajá tí ó mọ́ tónítóní, tí ó gbọ́ràn, tí gbogbo ojúlé sì lè fara mọ́. Ẹbí tí kò bá ní àyè fún sùúrù yìí, ó sàn kí ó má tíì gba ajá.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(a) Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó kan ṣoṣo. Dìgbòlugi gba ìpínrọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀.

(b) Ìdí tẹ̀lé ìtọ́ni. A kò kàn sọ pé kí àgò má tóbi jù, a sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá tóbi jù. Ibi tí àròkọ aṣàlàyé ti ń gba máàkì nìyí.

(d) Òwe kan péré ni a lò, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá to òwe mẹ́fà tẹ̀ léra wọn ń fi ìmọ̀ òwe hàn ni, kò ṣàlàyé nǹkan kan.

(e) Àròkọ yìí gùn ju èyí tí wọn yóò béèrè nínú ìdánwò lọ. Ka iye ẹyọ ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè sọ, kí o sì dín àlàyé kù láìfi kókó kankan sílẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kí ni ìtumọ̀ òwe tí a fi kádìí àròkọ náà? Parí òwe náà.
2. Kọ ìpínrọ̀ karùn-ún ní gbólóhùn mẹ́ta péré.
3. Kọ létà sí bàbá onílé rẹ láti tọrọ àyè kí o lè sin ajá nínú ilé rẹ̀.
4. Kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí kókó yìí: 'Kò yẹ kí ayálégbé máa sin ajá ní ìlú ńlá.'