Ẹni A Bá Lábà Ni Baba

Ẹni a bá lábà ni baba. Ọmọ Ìbàdàn tó bá ti lọ sí àbà rí mọ ìdí òwe yìí. Bó ti wù kéèyàn lówó tó nígboro, tó bá dé àbà tí kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, ẹni tó bá níbẹ̀ ni yóò fi ibi tí yóò sùn hàn án, òun náà ni yóò sọ iye ebè tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́. Kí àlejò kọ igba ebè láàárọ̀, bí onílé bá ní wọ́n kéré, wọn ò ní í kà á mọ́ iṣẹ́. Àlejò ò sì lè sọ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé àwọn nìyẹn.

Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ṣàngó n'Ìbàdàn, nítòsí géètì Pólì, tí mò ń retí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan jókòó tì mí, epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó di lẹ́tà kan tí wọ́n fọwọ́ kọ mú nínú ọ̀rá. Kò pẹ́ ni ìyá kan tó ń ta fùfú lọ́jà wọlé pẹ̀lú fóònù létí. Ó ní kí ọmọ tó ń tẹ̀wé gba òun, pé ọmọ òun ló ń sọ̀rọ̀ láti Kánádà, ohun tó ń wí ò yé òun mọ́. Wọ́n fi fóònù sí sípíkà, gbogbo wa bá wọn gbọ́ ọ.

"Mọ́mì, wọ́n ní iṣẹ́ tí mo ṣe kò sí lára èyí tí wọ́n ń kà."

"Wọn ò kà á kẹ̀? Ṣé wọn ò sanwó fún ẹ ni?"

"Wọ́n san án mà. Wọ́n tún yọ owó orí níbẹ̀."

"Ṣé o jalè ni?"

"Háà, Mọ́mì! Rárá o."

"Kí ló wá dé?"

Ohun tó dé ni pé ọmọ náà kàwé jáde níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta. Oṣù méjìdínlógún gbáko ló fi tọ́jú ìyá àgbà òyìnbó kan nínú ilé ìyá náà: ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ń ṣe ohun kan náà fún àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú arúgbó ni tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ti gba ìwé ìpè fún PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ti ọmọ ìyá yìí di òfo.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń tọ̀ ni wọ́n ń pè ní Canadian Experience Class, CEC ní kúkúrú. Ọdún 2008 ni ìjọba Kánádà là á, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ló sì ti wà lábẹ́ ètò Express Entry. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kò le: kéèyàn ti ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ̀, tí wọ́n ń sanwó fún, ní Kánádà fún ọdún kan, ìyẹn wákàtí 1,560, láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tó kọ̀wé, kó yege nínú ìdánwò èdè, kó má sì jẹ́ pé Quebec ló fẹ́ máa gbé, torí Quebec ní ètò tirẹ̀. Wọn ò béèrè owó ìpamọ́ ní báńkì lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ilé kọ̀wé. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ́ ni "iṣẹ́ tó gba ìmọ̀" yẹn. Ta ló ń sọ èyí tó gba ìmọ̀? Ẹni a bá lábà ni.

Kánádà ní ìwé ńlá kan tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ sí, NOC lorúkọ rẹ̀. Èyí tí Express Entry ń lò láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2022 pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́fà, láti TEER 0 dé TEER 5. TEER 0 dé TEER 3 nìkan ni wọ́n ń kà lọ́nà yìí. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ní ọsibítù tàbí ní ilé ìtọ́jú, nọ́ńbà 33102 ni, TEER 3. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé onílé, 44101 ni, TEER 4. Omi ìwẹ̀ kan náà, kànìnkànìn kan náà, ẹ̀yìn arúgbó kan náà. Èmi ò rí òdodo kankan nínú ìpín yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé àgbàlagbà tó wúwo dìde lórí ibùsùn rí, láìjẹ́ kó ṣubú, mọ̀ pé ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo dá àbà náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òpópónà tiwa wò ó. Ẹ gbéra ní Ṣàngó, ẹ forí lé Ìjokòdó, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún àti tòsì. Mẹkáníìkì, wẹ́dà àti oníná: TEER 2. Onídìrí àti bábà: TEER 3. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídìrí: TEER 4, wọn ò kà á. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún télọ̀ Ìbàdàn pé onídìrí jù ú lọ o, mi ò sí níbẹ̀.) Ẹni tó ń se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ, TEER 3, ẹni tó ń bù ú fún oníbàárà lórí káńtà, TEER 5. Gádì tó ń ṣọ́nà, TEER 4. Àwọn awakọ̀ tírélà ò sí lára àwọn tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀; ìwé tuntun ọdún 2022 yẹn ló gbé wọn wọlé. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ọ lọ́dún 2019 lè ti kú. Orí ìkànnì ìjọba wọn gan-an ni kó o ti lọ wo nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ kó o tó gba iṣẹ́ náà, má ṣe dúró di ìgbà tó o bá ṣe é tán. A kì í tojú ogun gbẹ́ ọfà.

Orúkọ tí ọ̀gá fi pè ọ́ kò sì tó. Wọ́n lè pè ọ́ ní máníjà, kó jẹ́ pé owó lò ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú ìwé NOC. Bí wọn ò bá bára mu, oyè lásán ni.

Àwọn kòtò mìíràn wà lójú ọ̀nà náà, ọmọ Ṣàngó sì lè jìn sí wọn ju ẹlòmíì lọ. Níbí, olúkúlùkù ló ń ṣe ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ní tábìlì, ẹni tí kò ní tábìlì ní kẹ̀kẹ́. Lọ́nà CEC, iṣẹ́ tí o ṣe fún ara rẹ kì í wọ ìṣirò, bó o tilẹ̀ lówó níbẹ̀ ju ẹni tó ń gba owó oṣù lọ. Iṣẹ́ tí o ṣe nígbà tí o ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní gbogbo àkókò kì í wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí o ṣe láìní àṣẹ. Àwọn kan tún rò pé àwọn á fi 60 wákàtí lọ́sẹ̀ ṣe ọdún kan ní oṣù mẹ́fà. Kò sí i: 30 wákàtí ni wọ́n ń kà nínú ọ̀sẹ̀ kan, ìyókù ń wọ àpò rẹ ni, kò wọ fáìlì rẹ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ìyá oní-fùfú gbọ́ gbogbo èyí, ó kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé ó ti parí nìyẹn?" Mo ní kò tíì parí. A jọ fi ìka kà á. Oṣù mẹ́rìndínlógójì ni ìwé àṣẹ ọmọ náà, méjìdínlógún ti lọ, méjìdínlógún kù. Oṣù méjìlá ló nílò. Bó bá kúrò nílé ìyá àgbà yẹn lọ́sẹ̀ yìí, tó bọ́ sí ilé ìtọ́jú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, yóò ṣì ní oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọdún rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fún èèyàn láyé, kí ó má sì fi oṣù mẹ́ta ronú. "Ìyá àgbà náà ńkọ́?" ni ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ bi wá láti inú fóònù. Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un.

Kí ọmọ Ìbàdàn má fi Kánádà ṣe ẹlẹ́yà ṣá o, torí bẹ́ẹ̀ ni ìlú tiwa náà ṣe. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829, àlejò tó bá dé a wá baba ogun kan sá dì. Agboolé rẹ̀ ni yóò máa gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò tò sí lójú ogun. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń wò ó. Ẹni tó bá fọwọ́ hàn á gbalẹ̀, á kọ́ agboolé tirẹ̀, á joyè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Balógun Ìbíkúnlé. Ohun tó ṣe ní Ìbàdàn ló fi di Balógun Ìbàdàn. PR ayé ọjọ́un nìyẹn.

Kí iṣẹ́ tí a ṣe nílé wá máa ṣòfò bí? Ó tì o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú máàkì Express Entry tí wọ́n fi ń yan ẹni tí wọn yóò pè, ọdún kan iṣẹ́ ní Kánádà fún ẹni tí kò mú ọkọ tàbí aya dání jẹ́ 40, ọdún méjì jẹ́ 53. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ọdún mẹ́ta iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ láti ilé, tí o tún wá fi ọdún méjì ti Kánádà lé e, àwọn méjèèjì pọ̀ á tún bí 50 mìíràn. Àádọ́ta yẹn kì í ṣe kékeré. Ọdún 30 ni máàkì ọjọ́ orí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó sì ti gbẹ tán nígbà téèyàn bá pé 45. Ẹni tó ti kọjá 30 ò lè fi máàkì ṣeré.

Ìgbà yìí ni mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ mi yọ lẹ́tà rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ń múra àtilọ, ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́ fún un: "Ọmọ dáadáa ni. Kì í jalè. Ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo gbà á ládùúrà pé ọ̀nà rẹ̀ á là." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà yẹn lè mú un wọ ọ̀run, kò lè mú un wọ Kánádà. Lẹ́tà tí wọ́n ń fẹ́ ni èyí tó wà lórí ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, tó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, eélòó ni wọ́n ń san, pẹ̀lú orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lù ọ̀gá.

"Ọdún mélòó lo lò lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Méje, sà. Mẹ́rin kí n tó gba fúrídọ̀ọ̀mù, mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀."

"Ta ló ń sanwó fún ta ní mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ló sanwó fún ọ̀gá."

Ọdún mẹ́rin yẹn lọ nìyẹn, torí iṣẹ́ tí wọ́n bá sanwó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ó ku mẹ́ta. Owó mẹ́ta yìí ńkọ́, níbo ló gbà? Ọwọ́ sí ọwọ́ ni gbogbo ọdún àkọ́kọ́. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Mo ní kó lọ báńkì, kó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn, ẹ má gba owó oṣù lówó tútù mọ́. Àlááàtì tí ẹ ń pa rẹ́ lórí fóònù yín, ẹlẹ́rìí ni. Ní Kánádà tí ọ̀nà já sí náà, ìwé T4 tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ìwé owó orí àti bébà owó oṣù, ẹ tọ́jú wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Iléeṣẹ́ ń kú, ọ̀gá ń kó lọ, ìjà sì ń dé.

Ọmọ tó ń tẹ̀wé sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé òun lè sọ mẹ́ta di méje. Àwọn kan ń ṣe é. Mo ní kó má dán an wò. Bí wọ́n bá mú irọ́ nínú fáìlì, ọdún márùn-ún gbáko ni Kánádà fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, wọn a sì máa pe ọ̀gá lórí fóònù láti bi í. Bákan náà ni ti ajẹ́ǹtì tó ní òun mọ ẹnì kan nínú. Ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà wọn, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn tí òfin wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 2021. Ìwé náà wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ orúkọ rẹ̀ wò.

Ọ̀nà kan tún wà tí ará wa kì í fojú sí: èdè Faransé. Lóṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n pe àwọn tó gbọ́ ọ pẹ̀lú máàkì 379, nígbà tí wọ́n ń gé ti àwọn CEC lókè 500 lọ́dún yẹn. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Pọ̀tọ̀-Nòvò nílẹ̀ Benin ń fi í ná ọjà. Àgbádárìgì tiwa ní Abúlé Èdè Faransé, ní Àjàrà. Ẹni tó bá ní ọdún méjì kó tó lọ, kó ná ọ̀kan níbẹ̀.

Iná dé, a jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mẹkáníìkì pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Mò ń bi í léèrè, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́: ó ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó ń tú gíá bọ́ọ̀kì, ó ń fi ẹ̀rọ ka àìsàn ọkọ̀, ó ń pààrọ̀ bíréèkì, ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì, wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Ó kún ojú ìwé kan, ó wọ èkejì. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀gá ní kí a ka gbogbo rẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ parí, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé gbogbo èyí là ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò yẹn?"

Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ tó ń tẹ̀wé, ó na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i. "Bá mi tẹ ọ̀kan sí i. Orúkọ tèmi ni kó o kọ síbẹ̀."