Òwú àti Èpò Kì í Jọ Jẹun Nínú Àwo Kan

Ẹ̀kọ́ òwú ni a ó kà lónìí.

Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ òwú tipẹ́. Òun ni àwọn ìyá wa ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ran, tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n ìwà òwú kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀: bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kì í yára dàgbà. Èpò kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, imí-eṣú àti koríko lè ti ga ju òwú lọ. Wọ́n á mu omi rẹ̀, wọ́n á jẹ oúnjẹ rẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n á sì ṣíji bò ó. Òwú tí èpò bá fìyà jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó ṣòro kí ó tó bọ̀ sípò mọ́, bí a tilẹ̀ ro oko náà mọ́ tónítóní lẹ́yìn náà. Ẹ̀ka rẹ̀ á kéré, èso rẹ̀ á sì kéré. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Báwo ni a ó ṣe gbìn ín? Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láàárín ebè kan sí èkejì, kí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sì wà láàárín ihò kan sí èkejì. Ẹ fi kóró òwú 4 tàbí 5 sí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 3, ẹ fi 2 tí ó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fa ìyókù tu. Ìgbà náà gan-an ni kí ẹ ro oko lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ tún un ro ní ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹ sì máa bá a lọ títí ewé òwú yóò fi kan ara wọn. Láti ìgbà náà lọ, òjìji òwú fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá yín pa èpò.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, èpò la ta ilẹ̀ lọ́rẹ. Bí ó bá há jù, òwú á ga fíofío láìní ẹ̀ka púpọ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀, èso ìsàlẹ̀ á sì máa jẹrà.

Àwọn kan á ní, "Tíṣà, àgbàdo àti iṣu là ń jẹ, òun la ó kọ́kọ́ ro." Òótọ́ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe gbin òwú ju èyí tí ọwọ́ yín lè ro tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ààbọ̀ éékà tí a ro lásìkò sàn ju odindi éékà tí èpò jẹ run.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbin òwú sínú ìwé yín. Orí lè gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ríro oko òwú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò fi tó?

2. Bí a bá gbin òwú bí a ti wí yìí, ihò 9,680 ni yóò wà nínú éékà kan. Mélòó ni yóò wà nínú ààbọ̀ éékà?

3. Bí ẹ bá gbin òwú ní ọjọ́ 10 oṣù keje, ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ 3 pé?