Ẹ̀kọ́ Nípa Ìwádìí àti Ohun Tí Ó Ń Dí I Lọ́wọ́

Àwọn baba wa máa ń wí pé abèèrè kì í ṣìnà. Lórí òtítọ́ yìí ni ọ̀nà ìkọ́ni kan dúró lé, èyí tí ọmọ fi ń wádìí ohun fúnra rẹ̀ kí olùkọ́ tó là á yé e. Olùkọ́ yóò bi àwọn ọmọ pé, “Ǹjẹ́ ẹ̀wà lè hù láìsí omi?” Wọn yóò gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì tí erùpẹ̀ gbígbẹ wà nínú wọn. Wọn yóò máa bomi rin ọ̀kan, wọn yóò fi èkejì sílẹ̀, wọn yóò sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ kò kéré.

Èkínní ni iye ọmọ. Olùkọ́ kan ṣoṣo tí ó ní àádọ́ta ọmọ níwájú kò lè ráyè gbọ́ ìbéèrè gbogbo wọn.

Èkejì ni àkókò. Ẹ̀wà kì í hù ní ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Ọmọ tí ó rí ìdáhùn lè dákẹ́ nítorí pé kò mọ bí yóò ti sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ẹ̀kẹrin ni àṣà ilé. Ọmọ tí ó bá béèrè ìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, a máa ń pè é ní aláfojúdi. Olùkọ́ pàápàá a máa bẹ̀rù ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dán ìwádìí náà wò nílé. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún, kí ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀ sílẹ̀ fún wíwo agolo. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rí ná. Bí ìbéèrè bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò sí ìtìjú nínú wíwí pé, “Ẹ jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀.” Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni ó gba ìwádìí: a ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ a-b-d sórí.

Ẹ̀yin òbí, agolo òfìfo àti ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan kì í ṣe ìnáwó. Èyí tí ó ṣòro jù ni sùúrù. Nígbà tí ọmọ yín bá béèrè ìdí ohun kan lálẹ́ òní, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn.