Bí A Ṣe Ń Ka Àsọtẹ́lẹ̀ Ọyẹ́ fún Lẹ́kkí Free Zone

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi àwa akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì lọ́dọọdún bí oṣù Bélú bá ti ń lọ sópin: "Ṣé ọyẹ́ ọdún yìí máa mú?" Ẹni tó bi wá fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí mo ń ṣe ìdánṣewò, tí gbogbo wa ń pè ní IT, ní Lẹ́kkí Free Zone, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń po kọnkéré, lẹ́nu àwọn awakọ̀ tírélà, àti lẹ́nu àwọn apẹja Akódò. Ohun tí mo fi ń dá wọn lóhùn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, nítorí pé ọyẹ́ Lẹ́kkí kì í ṣe ọyẹ́ Kánò, kò tilẹ̀ jọ ti Ìbàdàn.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ojú ọ̀run ilẹ̀ wa láàárín ara wọn. Èkíní ń ti orí Òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rinrin ló kún inú rẹ̀, òun ló sì ń gbé òjò. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá-ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, eruku ló sì ń rù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé lórí ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní ITD. Ní oṣù Ògún, ààlà yìí máa ń wà lókè réré, ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí 22 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 6. Kánò wà ní ìwọ̀n 12, nítorí náà inú ọyẹ́ gan-an ló ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́kkí Free Zone wà ní ìwọ̀n 6.4. Ẹ wò ó dáadáa: ààlà náà kì í kọjá wa lọ jìnnà, ẹnu ọ̀nà wa ló ń dúró sí. Bó bá sún sí gúúsù díẹ̀, ọyẹ́ dé. Bó bá sún padà, òógùn dé, òjò pàápàá lè rọ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ohun àjèjì kan ṣẹlẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní kíkún, kó wá ìwé The Climates of West Africa tí Oyediran Ojo ti Yunifásítì Èkó kọ ní 1977. Ìwé náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò.)

Òkun tún wà níbẹ̀. Láàárọ̀, ilẹ̀ ti tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sórí òkun, èyí sì ń ran ọyẹ́ lọ́wọ́. Bí oòrùn bá ti mú tó, ilẹ̀ á gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ á yí padà, á sì máa fẹ́ láti òkun wá. Àsíá kan wà níwájú ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́, òun ni mo sọ di ẹ̀rọ ìwọnfẹ́fẹ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ìhà òkun ló máa ń nà sí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti kọjú sí Ẹ̀pẹ́. Ètè tó gbẹ ní aago mẹ́jọ á ti rọ̀ ní aago mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ Lẹ́kkí fi sábà máa ń jẹ́ ọyẹ́ àárọ̀. Ọjọ́ tí àsíá náà kò bá yí padà títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń mọ̀ pé ọyẹ́ gidi ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àsọtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ojú-ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, bí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré tó máa ń já òjò láàárín ṣe máa gùn tó, àti bí ooru ṣe máa rí, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọyẹ́ níbẹ̀ kó wo ọjọ́ tí òjò máa dáwọ́ dúró, kó sì wo ìwọ̀n ooru òru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi irú àsọtẹ́lẹ̀ báyìí kà ni iye tó wà nínú rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà sábà máa ń pín ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: kó tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ, kó rí bó ṣe máa ń rí, tàbí kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Bó ṣe máa ń rí" yìí kì í ṣe ohun tí ìyá àgbà rántí o. Ìṣirò ọgbọ̀n ọdún ni. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti 1991 sí 2020. Bí a kò bá mọ nǹkan kan rárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí 33 nínú 100. Ká wá ní àsọtẹ́lẹ̀ kan fún "kó tutù jù" ní 45. Àwọn kan á kígbe pé ọyẹ́ ńlá ń bọ̀, ẹlòmíì á lọ kó súẹ́tà ọgọ́rùn-ún jọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Àjáh. Ṣùgbọ́n 55 tó kù ńkọ́? Kí òru má tutù jù ṣì ṣeé ṣe ju kó tutù jù lọ. Gbogbo ohun tí 45 sọ ni pé òṣùwọ̀n ti tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà kan. Ohun tó sì ń tẹ̀ ẹ́ ni bí omi òkun ṣe gbóná sí, ní Gulf of Guinea tó wà níwájú wa, àti ní Pàsífíìkì níbi tí El Niño ti ń ṣẹlẹ̀. Omi òkun kì í yára yí padà, òun ló jẹ́ ká lè sọ nǹkan kan nípa oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kì í rántí àná.

Eruku kò sí lára ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà lè dá ọjọ́ fún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá àtijọ́ kan ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá, ó ń yára bí omi tó gba ẹnu páìpù tóóró, ó sì ń gbá ìsàlẹ̀ adágún náà lọ. Láti ibẹ̀ dé Lẹ́kkí jẹ́ nǹkan bíi 1,900 kìlómítà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rin kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ọjọ́ méjì lé díẹ̀ ni yóò gbà á. Láti Kánò, tó jẹ́ nǹkan bíi 800 kìlómítà, kò tó ọjọ́ kan. Ẹni tó bá gbọ́ lónìí pé Kánò ò ríran kọjá kìlómítà kan ti gba ìkìlọ̀ fún ọ̀la. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, òkun lè lé e padà, ṣùgbọ́n ìròyìn àríwá wúlò fún wa ju bí a ṣe rò lọ.

Mo rí ohun tó ń ná èèyàn tí a bá pa àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà pọ̀ mọ́ ti ọjọ́. Lóríi sáìtì kan, wọ́n da kọnkéré ilẹ̀ ilé ìkẹ́rù ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ tí a kò fi òrí pa. Fọ́máànù yíjú sí mi: "Ọmọ yunifásítì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò ní mú lọ́dún yìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìwé yẹn ń sọ, kò sọ ti òní." Wọ́n fọ́ apá kan, wọ́n sì tún un dà, owó sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fà á kò ṣòroó lóye: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lójú kọnkéré kíákíá ju bí omi ṣe ń ti ìsàlẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀ lọ, ojú náà á súnkì, á sì là. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń da kọnkéré lọ́jọ́ ọyẹ́, lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti dé, wọ́n á sì fi ọ̀rá bò ó.

Ọ̀rọ̀ ìríran ló ṣẹ́kù, ó sì kan ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Láti 2023 tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote, ọkọ̀ ńláńlá ń wọlé lójú omi, tírélà sì kún ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Láàárọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan méjì ló ń bo ojú: kùrukùru tí ọ̀rinrin dá, àti eruku ọyẹ́. Láti òkèèrè, wọ́n jọra. Àkọ́kọ́ máa ń ká kúrò bí oòrùn bá ti gbóná díẹ̀, èkejì lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbì òkun rọlẹ̀ jù ní etíkun yìí, ìgbà tó dára fún apẹja nìyẹn, wọn kì í sì fẹ́ pàdánù ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Bàbá apẹja kan ní Akódò fi bó ṣe ń dá méjèèjì mọ̀ hàn mí. Láàárọ̀ tí kò bá rí ìgbì tó ń fọ́ ní iwájú rẹ̀, á na ọwọ́, á nu etí ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá tutù, kùrukùru ni, á jókòó, á máa tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe títí ojú á fi là. Bó bá gbẹ, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, á gbé ẹ́ńjìnnì sí èjìká, á padà sílé.