Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Pákó Lórí Òjò Dídì

Ẹ̀kọ́ tòní kò ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa ní Òwu-Ìsin ni ó ti wá.

Èlùbọ́ ni ìyá yìí ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ náà bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, ọmọ ará ilé ni ó ń bá a kà á. Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó mú fóònù náà wá, ó ní òun fúnra òun ni òun kà á. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kà á sí wa létí:

"Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjì òjò dídì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Inú wa dùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a ó gun orí òkè lọ fi pákó yọ̀."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú ìyá kò dùn. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé mo kà á dáadáa? Ìjì ń bọ̀, inú wọn dùn? Ta ní ń gbọ́ ìró ìjì tí kì í sá wọlé?"

Ó kà á dáadáa. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Àwa mọ yìnyín. Nígbà mìíràn tí òjò bá ń rọ̀, yìnyín a máa bọ́ lu páànù, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á jẹ. Òjò dídì kì í ṣe yìnyín. Yìnyín le bí òkúta. Òjò dídì fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti gbọ̀n òwú rí mọ ohun tí mò ń wí. Nínú sánmà tí ó tutù gan-an, omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ a máa dì díẹ̀díẹ̀, a di nǹkan kékeré onígun mẹ́fà, a sì máa bọ̀ nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ènìyàn lè sùn, kí ó jí, kí ó bá a tí ó ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Àtíkè ni àwọn tí ń yọ̀ ń pè é, nítorí ó kúnná, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju omi lọ. Bí ẹ bá bu òjò dídì tuntun kún korobá kan, tí ẹ sì jẹ́ kí ó yọ́, omi inú rẹ̀ lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá korobá náà lọ. Bí a bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yóò rì. Pákó fífẹ̀ kò ní rì. Yóò léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró de ìjì. Bí ó bá ti rọ̀ tán, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí òkè, ẹni tí ó bá sì ṣubú, bí ẹni ṣubú sórí tìmùtìmù ni.

Sínóbọ́ọ̀dù ni orúkọ pákó náà. Ó gùn láti ilẹ̀ dé àgbọ̀n ènìyàn, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sókè. A ó de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, a ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, a ó sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní ibi ìgbafẹ́ orí òkè, àga tí okùn irin ń fà ni ó ń gbé wọn padà lọ sókè. Eré náà kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1965, ní Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, Sherman Poppen so pákó ìyọ̀ tóóró méjì pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè fi ṣeré. Ní 1998 ó ti wọ inú ìdíje Olympics ìgbà òtútù, ní Nagano ní ilẹ̀ Japan.

Ẹ má sì sọ pé òyìnbó nìkan ní ń yọ̀. Ní 2018, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje òtútù náà ní PyeongChang ní Gúúsù Kòréà, Ṣeun Adígún ni ó darí ọkọ̀ ìyọ̀ wa, Simidélé Adéagbo sì dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, ó forí ṣíwájú. Ojú ọ̀nà yìnyín líle ni tiwọn, kì í ṣe àtíkè orí òkè. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni wọ́n.

Wàyí o, ẹ̀rù tí ó ba ìyá yìí kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Ìpele ìpele ni òjò dídì orí òkè, bí ẹní tí a tẹ́ lé ara wọn. Ti oṣù tí ó kọjá lè ti di wóró wóró bí iyọ̀ nísàlẹ̀. Mo ṣe é lójú kíláàsì kí ó lè yé wọn. Mo gbé pákó kan dagun, mo da ẹ̀wà gbígbẹ lé e, mo tẹ́ ẹní kékeré lé ẹ̀wà. Ẹní dúró. Mo gbé ìwé kan lé ẹní, ó dúró. Mo gbé èkejì lé e, ó ṣì dúró. Mo wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ẹní, ìwé, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ dà wàrà sílẹ̀. (Ó pẹ́ kí a tó ṣa ẹ̀wà náà tán.) Àwọn ìwé ni ìjì tuntun. Ìka mi ni ẹni tí ń yọ̀.

Báyìí ni òjò dídì ṣe ń ya lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ni ó tẹ̀ ẹ́ tí ó fi ya. Ibi tí ó dagun bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó burú jù. Ìgbà tí ìjì ń jà lọ́wọ́, àti ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ni ewu pọ̀ jù; ìgbà náà gan-an ni àtíkè sì dùn jù. Bí èyí tí ó ya bá dúró, á le bí símẹ́ǹtì, ẹni tí ó bò kò ní lè gbé ọwọ́. Bí wọ́n bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìrètí wà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, àwọn tí ń yè kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 2012, ní Stevens Pass ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn ènìyàn 16 tí wọ́n mọ eré náà dáadáa jáde kọjá ààlà ibi ìgbafẹ́ lẹ́yìn ìjì ńlá. Òjò dídì ya, mẹ́ta kú. Ní tèmi, mo rò pé bí a bá pọ̀, oníkálukú a máa rò pé ẹlòmíràn ti bá òun ro ó.

Nínú ààlà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ohun abúgbàù já èyí tí ó fẹ́ ya lulẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà, wọn a sì fi okùn àti pátákó dí ibi tí kò dára. Nínú okùn pàápàá, ìdí igi léwu: òjò dídì ibẹ̀ kò ki, ènìyàn lè fi orí rì sínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnìkan má dá yọ̀. Fún ẹ̀yìn okùn, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Colorado a máa kọ ewu ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde nígbà òtútù, láti 1 dé 5. 5 ni ó burú jù. 3 ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí àárín ni ó wà. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ yóò mú ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ibi tí a sin ènìyàn sí hàn, ọ̀pá gígùn, àti ṣọ́bìrì.

Ìyá ní kí n bá òun kọ èsì. Mo kọ̀. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì gbà á ju wákàtí kan lọ:

"Ọmọ mi, mo ti kà á. Nọ́ńbà mélòó ni ewu? Ta ni ẹ jọ ń lọ? Má kọjá okùn. Ṣé o ní ṣọ́bìrì?"

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni èsì dé: "Nọ́ńbà 4 ni, Ìyá. A kò ní kọjá okùn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì. Ta ló bá yín kọ èyí?"

ÌBÉÈRÈ. Kí ni ìyàtọ̀ yìnyín àti òjò dídì? Kí ni ẹ̀wà dúró fún nínú ohun tí a ṣe ní kíláàsì? Ẹ kọ ìdáhùn tí ìyá yóò fún ọmọ rẹ̀ sínú ìwé yín.